Ìlú Kan Létí Adágún Atitlán: Ìmúra Wa fún Ìrìn Àjò

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ti bá yín sọ̀rọ̀ nípa àwọn ìlú tí ẹsẹ̀ wa ti dé. Lọ́tẹ̀ yìí, ìlú tí a kò tí ì dé ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. A kò tí ì wọ ọkọ̀, a kò sì tí ì di ẹrù, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́jọ ni a ti fi ń múra, ìmúra náà sì ti kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi lè dákẹ́ títí a ó fi padà dé. Orúkọ ìlú náà ni Santiago Atitlán. Ó wà ní orílẹ̀-èdè Guatemala, ní ilẹ̀ tóóró tí ó so Amẹ́ríkà ti Àríwá mọ́ ti Gúúsù. Santiago ni àwọn ará Spéènì ń pe Jákọ́bù Mímọ́; Atitlán sì ni orúkọ adágún ńlá tí ìlú náà jókòó tì. Àwọn Tz'utujil ni ó ń gbé ibẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà Maya tí wọ́n ti ni ilẹ̀ náà kí òyìnbó kankan tó tẹ̀ ẹ́.

Ọmọ wa obìnrin tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Oklahoma City, ní Amẹ́ríkà, ni ó kọ́kọ́ dárúkọ ìlú náà fún wa. Ó kọ̀wé sí wa pé a ṣí ilé ìjọsìn ńlá kan ní ìlú wọn ní oṣù Kejì ọdún 2023, èyí tí a fi ṣe ìrántí àlùfáà Kátólíìkì kan tí ń jẹ́ Stanley Rother, àti pé òun bá àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lọ síbẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, òun kò sì lè sùn lóru ọjọ́ náà. Ọmọ àgbẹ̀ ni àlùfáà yìí. Abúlé Okarche ní ìpínlẹ̀ Oklahoma náà ni a gbé bí i ní 1935. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó kọ́kọ́ wọ̀ láti di àlùfáà dá a padà sílé, nítorí pé èdè Látínì kò wọ orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí Látínì ṣòro fún yìí náà ni ó lọ sí Santiago Atitlán ní 1968, tí ó kọ́ èdè Spéènì, tí ó sì kọ́ èdè Tz'utujil lé e, títí ó fi ń wàásù ní èdè náà tí ó sì ṣèrànwọ́ nínú iṣẹ́ títúmọ̀ Májẹ̀mú Titun sí i. Ó ń wa katakata lóko pẹ̀lú àwọn ará ìlú, gẹ́gẹ́ bí ọmọ àgbẹ̀ tí í ṣe. Padre A'plas ni wọ́n ń pè é, èyí tí í ṣe Francis, orúkọ rẹ̀ kejì, ní ahọ́n tiwọn.

Ogun abẹ́lé ń jà ní Guatemala nígbà náà. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1960, kò sì parí títí di 1996. Nǹkan bí 200,000 ènìyàn ni ó kú tàbí tí a kò rí mọ́, Maya sì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Ní 1980 àwọn ọmọ ogun ìjọba wá pàgọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìlú, láti ìgbà náà ni a sì ti ń jí àwọn olùkọ́ni nínú ìjọ gbé lọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 1981 a ta àlùfáà náà lólobó pé orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àwọn tí a ó pa. Ó padà sí ilé bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè jókòó níbẹ̀. Ó ti kọ ọ́ sínú lẹ́tà tẹ́lẹ̀ pé kò yẹ kí olùṣọ́ àgùntàn sá nígbà tí ewu bá kọ́kọ́ yọjú. Kí ọdún Àjíǹde tó dé, ó ti padà sáàárín àwọn ènìyàn rẹ̀. Ní òru ọjọ́ 28 oṣù Keje ni a wọlé tọ̀ ọ́ tí a sì pa á. A gbé òkú rẹ̀ lọ sí Oklahoma, ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú bẹ̀bẹ̀ pé kí a fi ọkàn inú àyà rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn; inú ilé ìjọsìn wọn ni ó wà títí di òní. Ní 2017 ni ìjọ Kátólíìkì kéde rẹ̀ ní Alábùkún fún.

Nígbà tí ọmọ wa ka gbogbo èyí tán níbi ibojì rẹ̀, ó kọ̀wé sí wa báyìí: “Bàbá mi, ibi tí ara rẹ̀ wà ni mo dé yìí. Mo ń fẹ́ kí èmi pẹ̀lú yín àti Màmá lọ sí ibi tí ọkàn rẹ̀ wà.” Owó ọkọ̀ wa wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ọdún mẹ́ta ni òun ti fi ń tọ́jú rẹ̀. A kì í ṣe ọmọ ìjọ Kátólíìkì, ẹ̀yin náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a jẹ́ olùkọ́ fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, a sì mọ iye ọmọ tí a ti lé kúrò ní kíláàsì rí nítorí pé Látínì kan tàbí òmíràn kò wọ orí wọn. A gbà láti lọ.

Àwa mẹ́rin ni a jọ ń lọ. Àwa fúnra wa, ìyá àwọn ọmọ wa, ọmọ wa obìnrin, àti àbúrò ìyàwó wa tí ń dáko kòkó lẹ́bàá Oǹdó. Nípa ti ẹni kẹrin yìí, ẹ ó gbọ́ ìdí tí ó fi ní dandan òun ń bá wa lọ.

Ètò tí a kọ́kọ́ kọ sínú ìwé rọrùn púpọ̀. A ó sọ̀kalẹ̀ ní olú-ìlú tí ń jẹ́ Guatemala City, a ó gun mọ́tò fún wákàtí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ títí a ó fi dé Panajachel, ìlú tí ọ̀pọ̀ àlejò ń wọ̀ sí ní apá àríwá adágún. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì a ó wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá sí Santiago. A ó wo ilé ìjọsìn, a ó wo ère onígi olókìkí kan tí ń mu sìgá, a ó ra aṣọ, a ó ya àwòrán, a ó sì padà kí afẹ́fẹ́ ọ̀sán tó dé. Wákàtí mẹ́rin péré ni. Báyìí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ àlejò ń ṣe, inú wa sì dùn pé a ti rí i ṣe ní kíákíá.

Ìyá àwọn ọmọ wa ni ó bá ètò náà jẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn oúnjẹ, ó ń ka ohun tí ọmọ wa fi ránṣẹ́ nípa ìlú náà sókè kí a lè jọ gbọ́, ó sì kan ọ̀rọ̀ ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá ọdún 1990. Ní alẹ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ náà, àwọn ọmọ ogun kan tí wọ́n ti mutí yó ń da àwọn ará ìlú láàmú. Agogo ilé ìjọsìn dún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì péjọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n rìn lọ sí àgọ́ ọmọ ogun ní Panabaj, ní ẹ̀yìn ìlú, láti lọ fi ẹjọ́ sun ọ̀gágun. Wọn kò mú ohun ìjà dání, aṣọ funfun ni wọ́n gbé sókè. Àwọn ọmọ ogun yìnbọn lù wọ́n. Ènìyàn mẹ́rìnlá ni ó kú, àwọn ọmọdé sì wà nínú wọn. Ìlú náà kò fi ìjà dáhùn. Ìwé ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n kọ sí ìjọba; ẹni tí ó mọ̀wé kọ orúkọ rẹ̀, ẹni tí kò mọ̀wé tẹ ìka, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n; kí oṣù náà tó parí, ìjọba ti kó ọmọ ogun rẹ̀ kúrò. Ibi tí àgọ́ náà wà ni wọ́n sọ di Ọgbà Àlàáfíà, a sì fi àmì sí ibi tí àwọn tí a pa ṣubú sí.

Nígbà tí ó kà á dé ibẹ̀, ó dákẹ́ díẹ̀, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó sì bi wá pé, “Ìlú tí ó rí irú èyí, ṣé wákàtí mẹ́rin ni ẹ fẹ́ fi bẹ̀ wọ́n wò, Bàbá Túnjí?” A kò rí èsì fún un. Ó mú gègé, ó sì fa igi gùn orí ètò wa láti òkè dé ìsàlẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ìmúra gidi ti bẹ̀rẹ̀.

Ó yẹ kí a sọ bí adágún náà ti rí, nítorí òun ni ó ń pàṣẹ fún gbogbo ìrìn àjò níbẹ̀. Ó ga ju òkun lọ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 5,100, jíjìn rẹ̀ sì ju ẹsẹ̀ bàtà 1,000 lọ. Kò sí adágún kan ní agbègbè Àárín Amẹ́ríkà tí ó jìn tó o. Òkè ayọnáyèéfín kan tí ó bú gbàmù ní ọ̀pọ̀ ẹgbàárùn-ún ọdún sẹ́yìn ni ó fi kòtò náà sílẹ̀, omi sì kún un. Òkè mẹ́ta mìíràn ti dìde sí apá gúúsù rẹ̀: San Pedro, Tolimán, àti Atitlán tí ó ga jù, tí ó ju ẹsẹ̀ bàtà 11,500 lọ. Láàárín San Pedro àti Tolimán, níbi tí omi ti ya wọ ilẹ̀ bí ìka ọwọ́, ni Santiago jókòó sí. Odò ń wọ inú adágún náà, ṣùgbọ́n kò sí odò kan tí ó hàn sójú tí ń ti inú rẹ̀ jáde. Nítorí náà omi rẹ̀ a máa kún, a sì máa fà, bí ó ti wù ú. Nígbà tí ìsẹ̀lẹ̀ ńlá ọdún 1976 pa nǹkan bí 23,000 ènìyàn ní Guatemala, omi adágún náà fà sẹ́yìn ju ìdúró ènìyàn kan lọ, ilé tí ó wà létí omi sì di ilé àárín koríko.

Ní òwúrọ̀ omi náà a pa rọ́rọ́. Bí ó bá ti ń di ọ̀sán, afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní xocomil a dìde, a sì ru omi sókè débi pé ẹni tí ó jókòó níwájú ọkọ̀ yóò tutù látòkè délẹ̀. Nítorí náà òwúrọ̀ ni a ó kọjá. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ni gbogbo ènìyàn ń wọ̀. Àwọn apẹja ṣì ń lo ọkọ̀ igi kékeré tí a ń fi àjẹ̀ wà. A gbọ́ pé ẹja wọn kò rí bí ti àtijọ́ mọ́. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, àwọn tí ó fẹ́ kí àlejò wá máa fi ẹja pípa ṣeré da ẹja kan láti Amẹ́ríkà, tí ń jẹ́ bass, sínú adágún náà. Ẹja náà jẹ àwọn ẹja kéékèèké àti alákàn tí ó bá níbẹ̀. Ẹyẹ omi kan tí wọ́n ń pè ní poc, tí kò sí níbòmíràn ní gbogbo ayé, kò rí oúnjẹ jẹ dáadáa mọ́. A ń gé koríko etí omi tí ó fi ń ṣe ìtẹ́. Kí àwọn ọdún 1980 tó parí, ẹyẹ náà ti tán. Ẹja tí a dà sómi nítorí àlejò! A sọ èyí fún ara wa ju ẹ̀ẹ̀kan lọ bí a ti ń kọ ètò wa.

Ọ̀rọ̀ ìgbà tí a ó lọ fa àríyànjiyàn. Ọmọ wa fẹ́ oṣù Keje, kí a lè wà níbẹ̀ ní ọjọ́ 25, ọjọ́ ọdún Jákọ́bù Mímọ́, nígbà tí gbogbo ìlú ń jó, kí a sì dúró di ọjọ́ 28 tí í ṣe ìrántí àlùfáà náà. Ó dára létí. Ṣùgbọ́n láti oṣù Karùn-ún títí di oṣù Kẹwàá ni òjò ń rọ̀ níbẹ̀, òjò sì ni ó pa Panabaj lẹ́ẹ̀kejì. Ní ìdájí ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹwàá ọdún 2005, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ òjò tí ìjì Stan mú wá, ẹ̀gbẹ́ òkè Tolimán ya wálẹ̀, ẹrẹ̀ àti òkúta sì bo àdúgbò náà mọ́lẹ̀ lórí ibùsùn. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ni ó ṣègbé, a kò rí òkú púpọ̀ nínú wọn wú jáde. Níkẹyìn a sọ gbogbo ilẹ̀ náà di itẹ́ òkú. Nígbà tí ìjọba fẹ́ rán ọmọ ogun wá láti bá wọn wú òkú, àwọn ará ìlú kọ̀. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti kọjá lórí ìyìnbọn náà, síbẹ̀ ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ń wa ẹrẹ̀. Àwọn tí ó yè ni a kọ́lé fún ní Chuk Muk, ní apá ibòmíràn.

A rò ó pé bóyá ìbẹ̀rù ni ó mú kí a sá fún òjò. Bẹ́ẹ̀ ni, apá kan rẹ̀ ni ìbẹ̀rù. Apá kejì sì ni orúnkún ìyá àwọn ọmọ wa, tí kì í gbọ́ràn nígbà tí ilẹ̀ bá tutù, tí ìlú náà sì jẹ́ kìkì gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àti òkúta. Oṣù Kìíní ni a mú. Inú ọmọ wa bàjẹ́ fún ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà ó kọ̀wé pé ọkàn náà wà níbẹ̀ ní oṣù Kìíní pẹ̀lú.

Báyìí ni ètò titun ti rí. Ọjọ́bọ̀ ni a ó dé Santiago, a ó sì sùn níbẹ̀, kì í ṣe ní Panajachel. Ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ ọjà tí ó tóbi jù. Àárọ̀ kùtùkùtù ni a ó jáde sí i. Ọjọ́ Àbámẹ́ta a ó lọ sí Panabaj, sí Ọgbà Àlàáfíà, a kò ní gbé kámẹ́rà lọ. Ọjọ́ Ìsinmi a ó bá wọn jọ́sìn. Ọjọ́ Ajé a ó padà lórí omi kí afẹ́fẹ́ tó jí.

Ní ti ọjà náà, aṣọ ni ìyá àwọn ọmọ wa ń rò, nítorí ọmọ ahunṣọ Ìṣẹ́yìn ni ó jẹ́. Òfì tí àwọn obìnrin Maya ń lò kò ní igi gogoro; wọ́n a so ìpẹ̀kun kan mọ́ igi tàbí òpó, wọ́n a sì fi ìgbànú de èkejì mọ́ ìdí ara wọn, kí wọ́n tó kúnlẹ̀ hun. Bí wọ́n bá fẹ́ kí òwú le, wọ́n a fi ara sẹ́yìn. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ó rọ̀, wọ́n a tẹ̀ síwájú. Bùbá tí àwọn obìnrin Santiago ń wọ̀ ni wọ́n ń pè ní huipil. Wọ́n a fi abẹ́rẹ́ ya ẹyẹ sí i lára, ẹyẹ púpọ̀, oríṣiríṣi àwọ̀. Àwọn ọkùnrin àgbà pàápàá ń wọ ṣòkòtò ìlà tí kò ju orúnkún lọ, ẹyẹ sì wà lára òun náà. Èyí tí ó yà wá lẹ́nu jù ni gèlè àwọn àgbà obìnrin: ọ̀já pupa tóóró tí ó gùn púpọ̀, tí a ń wé yí orí ká, ká, ká, títí yóò fi dúró bí àwo. Ẹni tí ó bá ní owó Guatemala lọ́wọ́ lè rí i láìdé ìlú náà, nítorí orí obìnrin Santiago kan tí ó wé gèlè yìí ni ó wà lára owó ẹyọ 25 centavo. Ọmọdébìnrin ni nígbà tí a yàn án ní 1959. Ó wà láàyè títí di 2021.

Nípa àwòrán yíyà, ìpinnu wa ni pé a kò ní ya ẹnikẹ́ni tí a kò kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, a kò sì ní ya ọmọdé rárá. Àbúrò wa rò pé ó le jù. A bi í bí òun yóò bá fẹ́ kí àlejò kan tí kò kí i dúró lẹ́nu ọ̀nà oko rẹ̀ kí ó máa ya òun àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun yóò fi àdá lé e. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí kò tí ì parí títí di ìsinsìnyí ni ti ère onígi náà. Maximón ni àwọn àlejò ń pè é. Àwọn ará ìlú ń pè é ní Rilaj Mam, èyí tí ó sún mọ́ “Bàbá Àgbà” ní èdè tiwa. Igi ni, a dé e ní fìlà, a fi aṣọ ọrùn púpọ̀ wé e, a fi sìgá sí i lẹ́nu, a sì ń gbé ọtí síwájú rẹ̀. Ẹgbẹ́ ìjọ kan ni ó ń tọ́jú rẹ̀, ilé ọmọ ẹgbẹ́ kan ni ó sì ń gbé fún ọdún kan kí a tó gbé e lọ sí ilé ẹlòmíràn. Àwọn tí ó ń tọ́jú rẹ̀ yìí náà ni ó ń lọ sí ilé ìjọsìn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 àwọn àlùfáà kan tí inú bí mú ojú igi rẹ̀ lọ. Ojú náà bá ara rẹ̀ nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Paris, kò sì padà wálé títí di ìparí àwọn ọdún 1970.

Àbúrò wa sọ pé òun kò ní fi ẹsẹ̀ òun tẹ ẹnu ọ̀nà ilé náà, ó sì ṣí Bíbélì sí ibi tí ẹ̀yin náà mọ̀. Ọmọ wa ní Rother tí a ń torí rẹ̀ lọ gbé láàárín wọn fún ọdún mẹ́tàlá, kò sì lé wọn. Ìyá àwọn ọmọ wa sọ ohun kan tí a kò ronú kàn: pé ẹni tí ó gbà á gbọ́ tí ó sì kúnlẹ̀, òun mọ ohun tí ó ń ṣe, ẹni tí kò gbà á gbọ́ tí ó sì kọ̀ láti wọlé, òun náà mọ ohun tí ó ń ṣe, ṣùgbọ́n àlejò tí ó san owó kékeré, tí ó wọlé, tí ó ya àwòrán tí ó sì jáde pẹ̀lú ẹ̀rín, òun kò mọ ẹni tí ó jẹ́. Àwa fúnra wa gbà pé a kò ní gbé ọtí lọ, a kò sì ní fi ìwádìí ìran wò ó. Ṣùgbọ́n bí onílé tí a wọ̀ sí bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ náà, tí ó sì sọ pé kí a wá kí àwọn ará ilé òun ńkọ́? Ìbéèrè yìí wà níbẹ̀ síbẹ̀. A fi í sílẹ̀ títí a ó fi dé ọ̀hún.

Ilé ìjọsìn ńlá náà kò mú àríyànjiyàn wá. Ọdún 1547 ni a ń kà sí ọdún tí a tẹ ìlú náà dó síbi tí ó wà yìí, lábẹ́ àwọn ẹgbẹ́ Fránsísì Mímọ́, nítorí pé ìsàlẹ̀ òkè San Pedro, ní òdìkejì omi, ni olú-ìlú àwọn Tz'utujil wà kí Pedro de Alvarado tó ṣẹ́gun wọn ní 1524. Lẹ́yìn ìsẹ̀lẹ̀ 1976, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tí wọ́n jẹ́ agbẹ́gilére ní ìlú náà tún pẹpẹ onígi rẹ̀ gbẹ́, wọ́n sì gbẹ́ òkè wọn àti àgbàdo wọn sí i láàárín àwọn ẹni mímọ́. Ọmọ wa ti fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́. Wákàtí kan ni a fi wò ó.

Àgbàdo náà yẹ ní sísọ. Wọ́n a sè é pẹ̀lú ẹfun òkúta tí a ti sun, wọ́n a lọ̀ ọ́, wọ́n a fi ọwọ́ pa á pẹlẹbẹ, wọ́n a yan án lórí agbada. Òun ni tortilla, kì í wọ́n nínú ilé. Wọ́n tún ń di ìyẹ̀fun rẹ̀ sínú ewé, wọ́n a sì sè é. Ìyá àwọn ọmọ wa wo àwòrán rẹ̀, ó ní, “Ta ni ó kọ́ wọn ní ẹ̀kọ?” Ó yẹ kí a yí ìbéèrè náà padà, nítorí apá ibẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ sọ àgbàdo di ohun ọ̀gbìn, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kí irúgbìn rẹ̀ tó la òkun dé ọ̀dọ̀ wa.

Ní ti ohun tí ẹni tí ó bá fẹ́ lọ gbọ́dọ̀ mọ̀, a ó sọ ọ́ ní ṣókí. Ẹni tí ó bá ti Nàìjíríà lọ gbọ́dọ̀ ní káàdì àjẹsára ibà pọ́njú. Kí ó sì ti gba ìwé àṣẹ ìwọ̀lú kí ó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí ọ̀kan nínú wa ti kọ́kọ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì, kò sì rí owó rẹ̀ gbà padà. Quetzal ni orúkọ owó wọn, orúkọ ẹyẹ ni. Òtútù ń mú lóru, súwẹ́tà àti ìbọ̀sẹ̀ kì í ṣe ẹrù lásán. Kí ẹnikẹ́ni má mu omi adágún. Ìdọ̀tí tí ń ṣàn láti inú àwọn ìlú wọ inú rẹ̀ ti pọ̀, ní ìparí ọdún 2009 ewéko tín-ín-tìn-ìn bo apá púpọ̀ lójú omi náà, ó sì rùn. Kí a kọ́ “maltiox,” èyí tí í ṣe “ẹ ṣeun,” kí a tó dé. Èdè Spéènì gbọ́ni nínú ọjà, ṣùgbọ́n àwọn ìyá àgbà míràn kò gbọ́ ọ dáadáa, àwa tí a bá sì dàgbà tó wọn kò gbọdọ̀ dúró níwájú wọn bí odi.

Ó ku ọ̀rọ̀ àbúrò wa. Kòkó ni ó mú un. Ó gbọ́ pé àwọn olórí Tz'utujil ni ó ni ilẹ̀ gbígbóná ìsàlẹ̀ òkè ní apá òkun Pàsífíìkì níjọ́un, níbi tí kòkó ti ń hù. Wọ́n ń mu ún, wọ́n sì ń ná hóró rẹ̀ bí owó. Kòkó náà ni àwọn ará Spéènì sì ń gbà lọ́wọ́ wọn ní ìṣákọ́lẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣẹ́gun wọn. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń fọ́ kòkó, òun kò tí ì mọ̀ pé àwọn kan wà tí bàbá ńlá wọn ti ń fọ́ ọ kí a tó gbọ́ orúkọ rẹ̀ ní Oǹdó. A ṣàlàyé fún un pé irúgbìn tí J. P. L. Davies gbìn sí ìtòsí Agége ní nǹkan bí 1880 ti Fernando Po wá, pé Brazil ni kòkó sì ti dé àwọn erékùṣù wọ̀nyẹn, kì í ṣe etí adágún Atitlán. Ó gbọ́, kò sì yí ọkàn padà. Ó ní orúkọ rẹ̀ ńkọ́, ta ni ó sọ ọ́ ní kòkó? A ní ọ̀dọ̀ àwọn ará apá ibẹ̀ ni àwọn ará Spéènì ti mú orúkọ náà. Ó ní ó tó.

Ó fẹ́ gbé odindi èso kòkó mẹ́fà lọ fún wọn. A sọ fún un pé àwọn aṣọ́bodè kò ní jẹ́ kí ó gbé èso tútù kọjá, pé wọn yóò sọ ọ́ nù lójú rẹ̀. Ó rò ó fún ọ̀sẹ̀ kan. Ní ọjọ́ Ajé tí ó kọjá ó dé láti Oǹdó, ó mú àpòòwé kan wá. Àwòrán ni ó wà nínú rẹ̀, mẹ́jọ: oko rẹ̀ nígbà tí èso pọ́n, ibi tí a sá kòkó sí, ilé tí ó kọ́, àti àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú aṣọ ilé ìwé. Ó ní kí ọmọ wa kọ́ òun bí a ti ń sọ ọ́ ní èdè Spéènì pé kòkó ni ó rán àwọn wọ̀nyí ní ilé ìwé, òun yóò sì máa sọ ọ́ lójoojúmọ́ títí oṣù Kìíní yóò fi dé.